Bí ìwé ọmọdé ṣe ń gba ẹ̀bùn

Ẹ̀bùn tó lówó lórí jù tí ìwé ọmọdé lè gbà ní Nàìjíríà kì í kàn án lọ́dọọdún. Ilé iṣẹ́ gáàsì NLNG ló dá Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 2004, wọ́n sì ń gbé e yípo: ìtàn àròsọ, ewì, eré onítàn, ìwé ọmọdé. Ó kan ìwé ọmọdé ní 2007, 2011, 2015 àti 2019. Àrùn Kòrónà da ètò rú ní 2020, ló bá di 2024. Òǹkọ̀wé Èbúté Mẹ́ta tí ìwé rẹ̀ jáde nígbà tó kan ewì, kó yáa fọwọ́ lẹ́rán.

Láti 2011, 100,000 dọ́là ni owó rẹ̀. Àwọn onídàájọ́ á ṣa ìwé mọ́kànlá, wọ́n á ṣẹ́ ẹ kù sí mẹ́ta, kí wọ́n tó mú ẹyọ kan. Kò sì pọn dandan kí wọ́n mú ìkankan. Ní 2015, ìwé 109 ló wọlé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dá padà: èdè inú wọn kò dán mọ́rán, olóòtú kò sì fojú kàn wọ́n dáadáa.

Ayàwòrán ńkọ́? Nínú ìwé ọmọ ọdún mẹ́rin, àwòrán ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn, síbẹ̀ òǹkọ̀wé ni wọ́n ń pè jáde. Amẹ́ríkà ya méjèèjì sọ́tọ̀: ẹ̀bùn Newbery ti òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ ní 1922, ẹ̀bùn Caldecott ti ayàwòrán ní 1938. Àmọ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ nìkan ló lè gba Caldecott. Ẹ̀bùn Hans Christian Andersen, tó wà fún gbogbo àgbáyé, kò yọ ará Èkó sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ènìyàn ti ń ṣe bọ̀ látẹ̀yìn wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo. Ẹ̀bùn Golden Baobab tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gánà ní 2008 ló sún mọ́ wa jù, òun náà sì ti fi ti ayàwòrán kún tirẹ̀.

Onídàájọ́ àwòrán á wò ó bóyá ọmọ tó di ṣùkú lójú ewé kìíní kò ti di kòlẹ́sẹ̀ lójú ewé karùn-ún, àti bóyá àwòrán ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kò sọ. Ìwé títẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú l'Ékòó wà nínú máàkì náà. Àwọ̀ mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń tẹ àwòrán: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú, pléètì kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ètè ọmọ á di méjì, pupa bùbá rẹ̀ á ya sórí ògiri. Ayàwòrán tó gbọ́n kì í fi fáìlì ránṣẹ́ lásán. Á lọ dúró ti ẹ̀rọ, á yẹ ewé àkọ́kọ́ wò, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí wọ́n dá a dúró.