Ìyà Ọ̀run Àpáàdì: Ṣé Títí Láé Ni, àbí Ó Lópin?

Ní kíláàsì Bíbélì wa ní Abẹ́òkúta, ẹ̀kọ́ tó bá ti kan ọ̀run àpáàdì kì í parí lásìkò. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń béèrè jù, àwọn àgbà a sì máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Díẹ̀ rèé nínú ìbéèrè wọn àti bí mo ṣe ń dáhùn.

Sà, ṣé gbogbo onígbàgbọ́ ló gbà pé ìyà náà kò lópin?

Rárá. Púpọ̀ jù lọ ló gbà bẹ́ẹ̀: Àgùdà, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, àti ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ṣùgbọ́n àwọn Adventist tó ń jọ́sìn ní Sátidé ní iná náà yóò jó ẹlẹ́ṣẹ̀ tán ni, kò ní ṣẹ́ku nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó bá kan ilẹ̀kùn yín ní Ìbarà yóò ní kò tiẹ̀ sí iná ìdálóró kankan, pé òkú kò mọ ohun kan. Oníwàásù 9:5 ni yóò ṣí fún yín. Àwọn kan tún wà, wọn kò pọ̀, tí wọ́n ní lẹ́yìn ìjìyà, gbogbo ẹ̀dá ni Ọlọ́run yóò gbà padà.

Ṣé kì í ṣe Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà ni?

Òun náà ni. Ẹ ṣí Mátíù 25:46: ìyà àìnípẹ̀kun wà níbẹ̀, ìyè àìnípẹ̀kun sì tẹ̀ lé e. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Algeria lónìí, di ẹsẹ yìí mú ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn: bí ìyè náà kò bá lópin, ìyà náà kò lè lópin. Ẹ wá fi Ìfihàn 20:10 kún un, níbi tí a ó ti máa dá Èṣù lóró tọ̀sán-tòru láé àti láéláé.

Àwọn tó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò parun náà ní ẹsẹ tiwọn. Nínú Mátíù yìí kan náà, 10:28, Jésù ní kí a bẹ̀rù ẹni tó lè pa ara àti ọkàn run ní ọ̀run àpáàdì. Málákì 4 ní ẹni búburú yóò dà bí àkékù koríko, yóò di eérú. Wọ́n ní ìyà náà kò nípẹ̀kun nítorí pé ẹni tó bá ti parun kò ní padà mọ́, kì í ṣe nítorí pé ó ń jẹ̀rora lọ. Ibi tí ìjà wà gan-an nìyí: ṣé ọkàn ènìyàn kì í kú rárá ni, àbí ẹ̀bùn ni àìkú jẹ́, tí Ọlọ́run kò ní fún ẹni tó kọ̀ ọ́? Bí ọkàn kì í bá kú, ó gbọ́dọ̀ wà níbìkan títí. Èmi ṣì wà lẹ́yìn Augustine, Ìfihàn 20:10 ló dè mí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Mátíù 10:28 kì í jẹ́ kí n pe ẹlòmíràn ní aládàámọ̀.

Pé gbogbo ènìyàn yóò padà là, ṣé ẹ̀kọ́ tuntun ni?

Ó ti pẹ́. Origen ti Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ti ń kọ́ni ní ọ̀rúndún kẹta pé iná náà ń fọ ènìyàn mọ́ ni. Gregory, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Nyssa ní ọ̀rúndún kẹrin, náà ní irú ìrètí bẹ́ẹ̀, ìjọ sì ń pè é ní ẹni mímọ́ títí dòní. Ní 543, Justinian, ọba ilẹ̀ Róòmù, kọ̀wé dá ẹ̀kọ́ Origen lẹ́bi. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ Áfíríkà ni Origen, ọmọ Áfíríkà ni Augustine. Ẹni tó bá ní ìjà òyìnbó ni èyí kò ka ìtàn.

Àwa Áńgílíkà ńkọ́?

Nínú àkọsílẹ̀ ìgbàgbọ́ ẹlẹ́ka 42 tí ìjọ England ṣe ní 1553, èyí tó gbẹ̀yìn dá àwọn tó ní gbogbo ènìyàn ni yóò là lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1563, wọ́n yọ ọ́. Kò sí nínú 39 tí a ń lò. Ní 1988, John Stott, gbajúgbajà àlùfáà Áńgílíkà, sọ pé òun tẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò parun. Ariwo sọ, ṣùgbọ́n wọn kò gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi ìwẹ̀nùmọ́ àwọn Àgùdà, ṣé òun ni ọ̀run àpáàdì tó lópin?

Rárá o. Ẹni tí ìgbàlà rẹ̀ ti dájú ni wọ́n ní ó ń gba ibẹ̀ kọjá, kí ó lè mọ́ kí ó tó wọ ọ̀run rere.

Ẹ̀ṣẹ̀ 70 ọdún, ìyà títí láé. Ṣé ìdájọ́ òdodo nìyẹn?

Ìdáhùn àtijọ́ ni pé bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń tóbi tó. Ẹni tó bú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kútọ̀ àti ẹni tó lọ bú Aláké láàfin kò lè jẹ ìyà kan náà. Títóbi Ọlọ́run kò sì lópin. Mi ò gba ìdáhùn yìí tán. Bí àwọn àgbà bá bá ẹni tó bú Aláké dọ̀bálẹ̀, ọjọ́ kan ni inú Kábíyèsí yóò rọ̀. Èyí tó wọ̀ mí létí jù ni ti àwọn tó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ kò dẹ́kun ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ó ń kọ Ọlọ́run lọ ni, ìyà sì ń tẹ̀ lé e. Lúùkù 12:47-48 sì wà: ẹni tó mọ̀ tí kò ṣe yóò jẹ pàṣán púpọ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò jẹ díẹ̀. Ìyà wọn kò dọ́gba, ohun yòówù kí oníwàásù tó ń pariwo ní Pánṣẹ́kẹ́ máa sọ.

Àwọn baba ńlá wa tó kú kí ìhìnrere tó dé, ṣé inú iná ni wọ́n wà?

Nǹkan bí 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì dé ní Oṣù Kejìlá 1842, Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, dé ní Oṣù Kìn-ín-ní 1843. Ẹni tó kú ní 1835, ta ló wàásù fún un? Róòmù 2:14-16 ní ẹ̀rí ọkàn àwọn tí kò ní òfin ni yóò jẹ́rìí fún wọn. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà ní Vatican sọ ní 1964 pé ẹni tí kò mọ ìhìnrere, tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, tó sì ń fi tọkàntọkàn wá Ọlọ́run, lè rí ìgbàlà. Ọ̀pọ̀ ajíhìnrere wa kò gbà. Wọ́n á ka Ìṣe 4:12, pé kò sí orúkọ mìíràn lábẹ́ ọ̀run. Èmi ò ní fi ẹnu ara mi rán baba ẹnikẹ́ni lọ sínú iná. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ka Lúùkù 12:48 yẹn sí mi létí.