Òde aríyá fún olórin tó ti dàgbà: bó ṣe ń lọ, àti ibi tó ti ń wọ́

Ìwé ìpè á ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni aríyá yóò bẹ̀rẹ̀. Ní Àkúrẹ́ tàbí l'Óǹdó, ẹni tó bá gba ìwé náà gbọ́ yóò bá àwọn tó ń to àga. Ṣùgbọ́n bándì gbọ́dọ̀ ti dé láago 2 kí wọ́n lè to irinṣẹ́ kí wọ́n sì dán ìró wò, ọ̀gá olórin sì lè má gbé máìkì títí di aago 7. Wákàtí márùn-ún ti kọjá kó tó lanu. Ọmọ ọdún 30 lè fi àkókò yẹn tage. Ẹni tó ti lé ní 70 wà lórí àga oníke, èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Àwọn wákàtí tó yí orin ká yìí ló sábà máa ń tán àgbà olórin lókun ju orin fúnra rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí bándì tó mọṣẹ́ fi ń yọ ọ̀gá kúrò nínú dídán ìró wò. Elégbè kan tí ohùn rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀ ló máa ń dúró nídìí máìkì. Ọ̀gá á wà nínú yàrá tó ní ibùsùn, tí ilé ìtọ̀ ò jìnnà sí, á yọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú eré, á kọ díẹ̀ nínú orin méjì, ó parí.

Ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ yẹn kì í ṣe fáàrí. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń lo oògùn tí ń mú ni tọ̀. Bí wọ́n bá lò ó ní kùtùkùtù, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ á ti parí kí ọkọ̀ tó gbéra lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá gbàgbé tí wọ́n wá gbé e mì nígbà tí ọkọ̀ ń lọ sí Òkìtìpupa, ọkọ̀ á máa dúró láti Òǹdó dé Ọ̀rẹ̀. Àwọn kan á wá ní àwọn ò mu omi mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba ohùn jẹ́: tán-án-ná inú gògóńgò kì í gbọ̀n dáadáa bí ara bá gbẹ, omi tí a mu nísinsìnyí kò sì lè dé ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń mu ún, díẹ̀díẹ̀, àfi ẹni tí dókítà bá díwọ̀n omi fún nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn tún wà tó yẹ kí olórin mọ orúkọ wọn: lisinopril, enalapril, ramipril. Wọ́n lè fa ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ. Olórin á rò pé ọyẹ́ ni, á máa jẹ orógbó, ikọ́ ò ní gbọ́. Dókítà lè fi oògùn irú losartan rọ́pò wọn, nítorí kì í sábà fa irú ikọ́ bẹ́ẹ̀. Kí olórin má dá a dúró fúnra rẹ̀. Ní ti orógbó, ohun tí a bá gbé mì ń lọ sí ikùn ni, kò kan tán-án-ná. Itọ́ tó ń mú wá ló ń tu ọ̀fun lára, ìyẹn náà sì wúlò. Ogógóró ló burú: ó ń gbẹ ara, kì í sì í jẹ́ kí olórin mọ̀ pé ohùn ti ń bó.

Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, iṣan tán-án-ná ń tín-ín-rín, ẹ̀dọ̀fóró kò sì fẹ̀ bíi tàná mọ́. Ohùn òkè máa ń kọ́kọ́ lọ, èémí tó ń gbé gbólóhùn gígùn á tẹ̀ lé e. Wọ́n á wá fa orin wálẹ̀, bíi láti G sí F. Onígìtá tó bá kàn dẹ gbogbo okùn yóò rí i pé wọ́n ń rọ̀, wọ́n ń ta, okùn tó nípọn sí i, ti íǹṣì .010 tàbí .011, ló yẹ kó fi rọ́pò .009. Gángan kò ní wàhálà, ọṣán ni onílù ń fún, ohùn rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Ìka àwọn afunpè ló máa yí padà, nítorí náà ẹni tó bá dúró dìgbà tí eré bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ fún wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìtìjú.

Bí wọ́n ṣe ṣètò jùjú gan-an ń gba àgbà sílẹ̀. Lílé ni iṣẹ́ ọ̀gá, ègbè ni ti àwọn yòókù, wọ́n sì lè fa ègbè gùn bó ṣe wù wọ́n láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń jó mọ̀ pé ọ̀gá ń sinmi. Gìtá tún pọ̀ níbẹ̀. Nínú bándì bíi ti King Sunny Adé, tí wọ́n bí ní 1946 tó sì jẹ́ ọmọ ìdílé ọba l'Óǹdó, bí ọ̀kan bá dákẹ́, òmíràn ń dún. Ẹni tó bá ń dá gìtá ta tó ń dá kọrin kò ní irú ààyè yìí.

Etí ni àwọn bándì kì í rántí. Ìró tíńrín, irú ti "s" àti "f", ló ń kọ́kọ́ ṣá létí àgbà, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà sì máa ń mú un yá. Ọ̀gá á ní kí wọ́n gbé mónítọ̀ sókè, ìyẹn sípíkà tó fi ń gbọ́ ara rẹ̀. Mónítọ̀ á wọ inú máìkì, á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Wọ́n á gbé e wálẹ̀, ọ̀gá á máa pariwo kó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kó tó di wákàtí kan ohùn ti há. Ibi tí mónítọ̀ wà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Máìkì cardioid tó wọ́pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà ní ìdí rẹ̀, nítorí náà iwájú olórin ni mónítọ̀ ń wà, tí yóò kọjú sí i tààrà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n sún sípíkà gìtá sẹ́yìn: níta gbangba, bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, ariwo á fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dínkù (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo). Ìlànà NIOSH, àjọ tó ń rí sí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni pé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 8 lọ. Bó bá fi 3 lé, àkókò á pín sí méjì. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Eré jùjú ń gba wákàtí mélòó?

Gìtá oníná a máa wọ̀n tó kìlógíráàmù 3.5 sí 4.5, léjìká kan ṣoṣo. Ìjókòó ló máa ń gba ẹ̀yìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n àga tìmùtìmù tí olóde máa ń gbé wá láti fi bọlá ń ká ikùn pọ̀, èémí kì í sì í dé ìsàlẹ̀. Àga tí kò lápá, tó ga débi tí ìbàdí fi ga ju orúnkún lọ, ló dára.

Owó níná tún wà ńbẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa ná náírà sára ènìyàn lóde. Lójú iṣẹ́, ohun tó ń ṣe fún àgbà ni pé kò lè dá oríkì dúró níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ ẹni tó ń náwó kò tíì dúró. Bí owó àdéhùn bá kéré, tí bándì sì ń retí tojú agbo, agogo kọ́ ló máa pinnu ìgbà tí ọ̀gá máa sinmi. Àdéhùn tó dára ń gbé owó gidi ka iwájú, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré jẹ́ ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀méjì, ìsinmi ìṣẹ́jú 30 láàárín, àti oúnjẹ ṣáájú eré. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo insulin tàbí glibenclamide, oògùn tí ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kò lè dúró de oúnjẹ aago 10. Bí òógùn bá dédé bò ó, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń ṣi ọ̀rọ̀ orin pè, ṣíbí kékeré mẹ́rin ṣúgà nínú omi, ìsinmi ìṣẹ́jú 15, oúnjẹ á tẹ̀ lé e.

Kí orúkọ ẹni tí yóò gba lílé bí àìsàn bá dé wà nínú ìwé náà, àti iye tí wọ́n máa yọ nínú owó. Bí kò bá sí níbẹ̀, olóde lè ní kí wọ́n dá gbogbo àsansílẹ̀ padà, àwọn ọmọ bándì tó ti wọkọ̀ dé Ìkàrẹ́ á sì padà lọ́wọ́ òfo.