Ọwọ́ Ta Nìyí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ojúlówó Páálí Kọ́míìkì àti Àwọn Onítàdáwà

Ìbéèrè: Orúkọ méjì ló sábà máa ń wà lára kọ́míìkì, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán, ti Amẹ́ríkà: ẹni tó fi pẹ́ńsù yà á àti ẹni tó fi íǹkì tẹ̀ lé e. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti ya àwòrán tán, kí ló tún kù fún ẹnì kejì?

Ìdáhùn: Ó kù púpọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á fi pẹ́ńsù ya ìtàn sórí páálí funfun, ojú ìwé kan sí páálí kan. Ẹnì kejì, tí màá máa pè ní onítàdáwà, á mú búrọ́ọ̀ṣì tàbí gègé, á fi tàdáwà dúdú fa ìlà lé pẹ́ńsù lórí. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi iréésà pa pẹ́ńsù ìsàlẹ̀ rẹ́. Kámẹ́rà tí àwọn atẹ̀wé fi ń ya páálí láyé ọjọ́un ló sọ ọ́ di dandan, torí dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀; pẹ́ńsù tó rí bí eérú kì í jáde dáadáa. Ìwé sì gbọ́dọ̀ jáde lóṣooṣù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín iṣẹ́.

Àmọ́ pẹ́ńsù kì í sọ̀rọ̀ tán. Ó lè fi hàn pé òjìji wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹnì kan. Bóyá òjìji náà máa dúdú kirikiri ni o, tàbí ó máa jẹ́ ogún ìlà tín-ín-rín tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, onítàdáwà ló máa pinnu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó páálí jọ kì í fẹ́ gbọ́ nìyí: tẹ́ ẹ bá ra páálí ayàwòrán tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù láyé, tàdáwà lẹ rà. Pẹ́ńsù rẹ̀ ti bá iréésà lọ.

Ìbéèrè: Báwo wá ni mo ṣe lè dá ọwọ́ onítàdáwà kan mọ̀ yàtọ̀ sí ti òmíràn?

Ìdáhùn: Ayàwòrán kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ wá wò ó lábẹ́ ọwọ́ onítàdáwà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ayàwòrán bá ń yí padà tí onítàdáwà náà ń yí padà, ẹ ò ní mọ èyí tó fa ohun tẹ́ ẹ rí. Jack Kirby, ayàwòrán kọ́míìkì Amẹ́ríkà tó ń fi pẹ́ńsù yà, ni mo máa ń tọ́ka sí fún gbogbo ẹni tó bá bi mí, torí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ bí eṣú, àwọn tó sì fi tàdáwà lé e lórí kò jọra rárá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Chic Stone, tó fi tàdáwà lé pẹ́ńsù Kirby nínú kọ́míìkì Fantastic Four lọ́dún 1964. Ìlà tí Stone máa ń fà yí ara èèyàn ká nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ẹni náà jáde, tí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ẹ ò lè ṣì í mú.

Ẹ wá ṣí ìwé kan náà sí Joe Sinnott. Ó ti fọwọ́ kan nọ́ńbà 5 lọ́dún 1962, àmọ́ láti nọ́ńbà 44, lọ́dún 1965, ló ti wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ìlà Sinnott ń dán. Etí gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní, iṣan apá yọ roboto, irin àti ẹ̀rọ sì ń kọ mànà bíi pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ nù wọ́n tán ni. Bí agbára ńlá bá ń tú jáde nínú ìtàn Kirby, àwọn róbótó dúdú tó dà bíi kóró iṣin ló máa ń fi yà á. Lọ́wọ́ Sinnott, róbótó kọ̀ọ̀kan pé pérépéré, èyí tó tóbi àti èyí tó kéré, kò sí èyí tó ṣe wúruwùru. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní ìfẹ́ Kirby, Kirby tí Sinnott parí ni wọ́n fẹ́ràn, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Vince Colletta, tó wà nídìí kọ́míìkì Thor láti nǹkan bí 1965 títí dé òpin ẹ̀wádún yẹn, ti gba ọ̀nà míì lọ pátápátá. Gègé ni tirẹ̀. Ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín, tó kún bí irun, ló fi ń ya irùngbọ̀n, awọ ẹran àti òkúta, débi tí ojú ìwé fi dà bí àwòrán tí wọ́n fín sára igi láyé àtijọ́. Ó bá ìtàn òrìṣà àwọn ará àríwá Yúróòpù mu, èmi ò sì ní purọ́ pé kò bá a mu. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ti ń lé e bọ̀, ó máa ń fi iréésà pa àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ́, ó máa ń sọ odindi èèyàn di òjìji dúdú lásán, ilé tí Kirby ya fèrèsé sí á di ògiri tó pa lọ́lọ́. Fọ́tòkọ́pì pẹ́ńsù Kirby tó ṣẹ́ kù lónìí ló tú àṣírí yìí: ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀, ẹ ka orí èèyàn, ẹ ó rí i pé iye kò pé. Mi ò sí lára àwọn tó ń bú u ṣáá, torí àwọn olóòtú gan-an ló ń sáré gbé iṣẹ́ tó ti pẹ́ bá a, ó sì ń bá wọn parí ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí fún àwọn tó parẹ́ yẹn.

Lọ́dún 1971, Mike Royer gba kọ́míìkì Kirby tó ń jẹ́ New Gods àti àwọn ìwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Colletta. Ohun tí Kirby bá fi pẹ́ńsù fà ni Royer ń fi tàdáwà fà, kò yọ ọ̀kan, kò fi kún un, òun náà ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sínú ìwé. Níbi tí Sinnott ti máa ń yọ́ igun wọ̀ǹjà-wọ̀ǹjà Kirby kó lè dán, Royer á fi í sílẹ̀ bó ṣe gún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí Kirby fúnra rẹ̀ ṣe ń ronú, ọ̀dọ̀ Royer ni kẹ́ ẹ lọ.

Ìbéèrè: Ibo gan-an ni kí n tẹjú mọ́ lórí páálí? Ojú èèyàn inú àwòrán ni mo sábà máa ń wò.

Ìdáhùn: Ojú gan-an ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ná. Ojú ni gbogbo èèyàn ń ṣọ́ra fún, òun sì ni olóòtú máa ń ní kí wọ́n tún ṣe. Nígbà tí Kirby kọjá sí ilé-iṣẹ́ DC lọ́dún 1970, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya kọ́míìkì Superman's Pal Jimmy Olsen láti nọ́ńbà 133, wọ́n ní Superman rẹ̀ kò jọ Superman táwọn mọ̀. Wọ́n ní kí Al Plastino, lẹ́yìn náà Murphy Anderson, tún orí rẹ̀ yà. Ọrùn Kirby, orí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fi ojú nìkan dá iṣẹ́ mọ̀ máa ṣìnà níbẹ̀.

Giovanni Morelli, ará Ítálì kan láyé ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ló fi ọ̀nà tó dáa jù hàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán olóòróró àtijọ́ ló ń fi í yẹ̀ wò: etí àti èékánná ló ń wò. Ibi tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò ti ronú lọwọ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Nínú kọ́míìkì, ẹ fi irun, ìṣẹ́po aṣọ níbi ìgbọ̀nwọ́ àti èèpo igi kún un. Ẹ wo bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe parí pẹ̀lú: ṣé ó ṣóńṣó bí ìrù eku ni, àbí ó dúró gbandi?

Nígbà míì, ọwọ́ mẹ́wàá ló wà lórí iṣẹ́ kan. Láwọn ọdún 1970, àwọn tó kó jọ sí ilé iṣẹ́ ayàwòrán Neal Adams máa ń pín ojú ìwé láàárín ara wọn, ẹni yìí á ṣe ojú, ẹni yẹn á ṣe ilé, wọ́n á sì fi orúkọ Crusty Bunkers sí i. Ẹ má wá orúkọ ẹyọ kan fún irú páálí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé irinṣẹ́ tún ń fi nǹkan hàn?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà búrọ́ọ̀ṣì máa ń wú, á tún tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń mí. Ìlà gègé le, ó sì máa ń họ páálí díẹ̀. Terry Austin, tó bá John Byrne ṣe kọ́míìkì X-Men láàárín 1977 sí 1981, mọ ìlà tín-ín-rín fà débi pé ẹ lè ka bíríkì ara ilé tó wà lọ́nà jíjìn. Klaus Janson lórí kọ́míìkì Daredevil tí Frank Miller ń yà jẹ́ òdì-kejì rẹ̀: dúdú tó wúwo, ìlà tó le koko, bí ògiri tí òjò ti lù. Èyí tó ń ya èmi lẹ́nu jù ni Tom Palmer lórí Gene Colan nínú Tomb of Dracula, nítorí pẹ́ńsù Colan kì í ṣe ìlà, èéfín ni, òjìji lórí òjìji. Palmer fi búrọ́ọ̀ṣì, gègé àti ọ̀rá tó ní àmì tóótòòtó tí wọ́n ń gé lẹ̀ mọ́ páálí, tí wọ́n ń pè ní Zip-a-tone, sọ èéfín náà di ohun tí ẹ̀rọ lè tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra irú páálí bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ ọ̀rá náà wò, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń pọ́n, ó sì máa ń ṣí.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé páálí jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbé e súnmọ́ iná tó wá láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Níbi tó dúdú jù lórí ojúlówó páálí, ẹ ó rí i pé dúdú náà kò dọ́gba: ibì kan ń dán, ibì kan kú, ẹ ó sì rí ipa búrọ́ọ̀ṣì bó ṣe gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi bo àṣìṣe máa ń ga díẹ̀ ju páálí lọ. Pẹ́ńsù búlúù tí kámẹ́rà kì í rí á ṣì wà ní eteetí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí ìwé míì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á ti pọ́n bíi tíì nítorí gọ́ọ̀mù. Ẹ tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Òǹtẹ̀ Comics Code Authority, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1954 láti máa yẹ ìwé wò, wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ páálí àtijọ́.

Ìwọ̀n náà ń jẹ́rìí. Títí di nǹkan bí 1967, àwòrán orí páálí fẹ̀ tó íǹṣì 12 àbọ̀, ó sì ga tó 18 àbọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dín in kù sí 10 sí 15. Páálí kékeré tí ẹni kan bá sọ pé ti 1963 ni, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ìbéèrè: Wọ́n ní páálí òde òní lè jẹ́ méjì fún ojú ìwé kan. Báwo nìyẹn?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, mo sì ti jìyà ẹ̀. Mo ra páálí kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó kọ orúkọ onípẹ́ńsù gàgàrà sórí ẹ̀. Nígbà tó dé, mo fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: búlúù abẹ́ tàdáwà náà kì í ṣe pẹ́ńsù, àmì kéékèèké tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tọ́ sílẹ̀ ni. Onípẹ́ńsù ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, onítàdáwà tẹ̀ ẹ́ jáde ní búlúù sórí páálí tirẹ̀, ó wá fi tàdáwà lé e. Páálí pẹ́ńsù wà níbòmíì. Onípẹ́ńsù tí mo sanwó orúkọ rẹ̀ kò fọwọ́ kan páálí mi rí. Iṣẹ́ onítàdáwà náà dáa, mo sì ṣì fẹ́ràn ẹ̀. Irọ́ olùtajà ló dùn mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí n bi í: ṣé pẹ́ńsù àti tàdáwà wà lórí páálí kan náà?

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn ti àtijọ́ fi ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Torí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn atẹ̀wé kò kà wọ́n sí nǹkan kan. Wọ́n gé òmíràn, wọ́n fi òmíràn tọrẹ, wọ́n da òmíràn nù. Àárín àwọn ọdún 1970 ni ilé-iṣẹ́ Marvel tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá páálí padà, onípẹ́ńsù àti onítàdáwà á sì pín in. Kirby jà fún tirẹ̀ títí di 1987 kí wọ́n tó kó nǹkan bí 2,000 páálí fún un, díẹ̀ péré nínú gbogbo ohun tó yà.

Ní ti owó, ojú ìwé 25 nínú Secret Wars 8 ti ọdún 1984, tí Mike Zeck fi pẹ́ńsù yà, lọ ní 3.36 mílíọ̀nù dọ́là ní gbàǹjo Heritage ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ní ìyàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun kó gbogbo páálí 24 ti Amazing Fantasy 15, ibi tí Spider-Man ti kọ́kọ́ jáde, fún Library of Congress, ibi ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà, ní Washington lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2008. Steve Ditko ló fúnra rẹ̀ fi tàdáwà lé pẹ́ńsù rẹ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn sí ẹ̀bùn yẹn ju owó gbàǹjo èyíkéyìí lọ.

Ìbéèrè: Mi ò ní owó páálí Kirby. Ibo ni mo ti lè kọ́ ojú mi?

Ìdáhùn: Láti 2010 ni ilé-iṣẹ́ IDW ti ń tẹ àwọn ìwé ńlá tí wọ́n ń pè ní Artist's Edition. Aláwọ̀ ni wọ́n ṣe ya páálí náà, ní ìwọ̀n tó wà gan-an, tẹ́ ẹ fi lè rí ọ̀dà funfun, pẹ́ńsù búlúù àti ipa gọ́ọ̀mù. Ọ̀kan wà fún New Gods. Ẹ yá a bí ẹ ò bá lè rà á. Ẹ ṣí ojú ìwé kan tí Colletta ṣe àti ọ̀kan tí Royer ṣe, ẹ fi ìwé funfun bo gbogbo rẹ̀ àyàfi etí kan tàbí ọwọ́ kan, kẹ́ ẹ dárúkọ kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ẹ ó kọ́kọ́ máa kùnà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ tó lọ sí gbàǹjo.