Kí Òbúkọ Tó Já: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Ẹ̀fẹ̀ Ẹranko Inú Kátúùnù Ọmọdé

Òbúkọ wà lófuurufú. Ẹ̀ka igi tó jù ú ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ jìnnà réré nísàlẹ̀, síbẹ̀ kò tíì já. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo ọmọ tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, etí rẹ̀ méjèèjì rọ̀, ìgbà náà ló tó já. Ẹ̀rín tó bú jáde kì í ṣe nítorí jíjá tó já. Ọmọ ti mọ̀ pé yóò já, òbúkọ ò tíì mọ̀. Àárín ìmọ̀ méjèèjì yìí ni ẹ̀rín wà. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kátúùnù, látorí ìwé títí dórí ìró ìkẹyìn, tìtorí bí ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn ni.

Fíréèmù ni wọ́n fi ń ka àkókò nídìí iṣẹ́ yìí. Àwòrán ẹyọ kan ni fíréèmù kan, 24 ló sì ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù, 25 ni. Eré oníṣẹ́jú 11, tó wọ́pọ̀ fún àwọn ọmọdé, jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 660, ìyẹn fíréèmù 15,840. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ yà gbogbo ìyẹn, nítorí náà àwòrán kan ni wọ́n sábà máa ń lò fún fíréèmù méjì, tí 12 á fi tó fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ fura. Ìgbà tí ẹranko bá ń sáré àsápajúdé, tàbí tí kámẹ́rà bá ń bá a lọ, ni wọ́n máa ń padà sí àwòrán kan fún fíréèmù kan, torí láìṣe bẹ́ẹ̀, ìṣípòpadà náà á máa ta kọ́ṣọkọ̀ṣọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé gègé, ìtàn gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ jẹ́ ká fi òbúkọ wa àti ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Èso kan ṣoṣo ló kù lórí igi tó wà létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó tì í, òbúkọ sì fẹ́ ẹ. Ohun tí ẹranko ń fẹ́ àti ohun tó dí i lọ́nà ni òǹkọ̀wé kọ́kọ́ ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́rin pé kí ni òbúkọ ń wá. Bí kò bá lè dáhùn, ariwo àti ìkọlù lásán ló kù. Ìwà tún gbọ́dọ̀ ti ara ẹranko náà wá. Òbúkọ ní ìwo, ó sì lágídí, nítorí náà orí ni yóò kọ́kọ́ fi kan ìṣòro èyíkéyìí. Ọ̀kẹ́rẹ́ kéré, ara rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí a bá lè yọ òbúkọ, ká fi ajá rọ́pò rẹ̀, tí nǹkan kan ò yí padà, ẹ̀fẹ̀ náà ò tíì jinná.

Ìgbìyànjú mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ. Nínú ti àkọ́kọ́, òbúkọ fi orí gbá igi; igi ò mì, òun ló ń gbọ̀n láti ìwo dé ìrù. Ọmọ ti kọ́ òfin kan: igi yìí le. Nínú ìkejì, ó gbé pákó lé òkúta, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ju àpáta sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fò sókè, ó kọjá èso, ó ń lọ. Òfin kejì: ọgbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àṣejù ló ń bà á jẹ́. Ìkẹta ni ibi tí wọ́n ti ń da òfin rú. Ó ṣe pákó náà bó ṣe yẹ, ó fò, ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì di èso mú, ẹ̀ka sì tẹ̀ títí tí òbúkọ fi ń rọ̀ dirodiro lókè ilẹ̀. Ó kù díẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jókòó sórí ẹ̀ka bi í pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ dì í mú dáadáa?" Òbúkọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀n ara rẹ̀ bíńtín yẹn ló ń tẹ ẹ̀ka mọ́lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Bí ìgbìyànjú bá jẹ́ méjì, ọmọ ò tíì rí ìlànà tí wọ́n fẹ́ dà rú. Bó bá di márùn-ún, ó ti mọ̀ ọ́n tán, ojú rẹ̀ á kúrò níbẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kì í tètè gbà: ẹni tó dẹ pańpẹ́ ni pańpẹ́ gbọ́dọ̀ mú. Bí àpáta bá kàn já láti ojú ọ̀run lu òbúkọ, àánú rẹ̀ ló máa ṣe ọmọ. Bí ó bá jẹ́ ìwọra àti àbùjá rẹ̀ ló ṣe é, ọmọ á rẹ́rìn-ín láìbẹ̀rù, pàápàá bó bá ti mọ̀ pé nínú àwòrán tó tẹ̀lé e, òbúkọ á ti padà bọ̀ sípò, bóyá pẹ̀lú báńdéèjì kan ṣoṣo lórí ìwo.

Irú ohun èlò tí wọ́n ń lò náà ní ìdí. Àpáta, rọ́kẹ́ẹ̀tì àti pákó ajunisókè pọ̀ nínú kátúùnù torí pé ọmọ ò lè rí wọn lò nínú ilé. Ohun tó lè ṣe láfarawé ni àwọn tó ń yẹ eré ọmọdé wò máa ń dá padà: okùn lọ́rùn, ọ̀rá lórí, wíwọnú fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ, fífi nǹkan bọ ojú iná, ọ̀bẹ ilé ìdáná. Ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà náà ní ààlà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, àwọ̀ pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú kíákíá nínú kátúùnù kan ní Japan sọ àwọn ọmọ tó lé ní 600 dèrò ilé ìwòsàn. Nítorí náà, bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá bú gbàù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lẹ́yìn ìwé ìtàn ni storyboard, àwọn àwòrán kéékèèké tó ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ ibi tí kámẹ́rà á dúró àti ohun tí ẹranko kọ̀ọ̀kan á ṣe. Ibí ni àṣìṣe ò ti tíì wọ́n. Wọ́n á kun ẹranko náà ní dúdú látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá ṣì mọ ohun tó ń ṣe látara òjìji rẹ̀ nìkan, ìdúró náà dára. Òbúkọ tó di èso mú níwájú àyà rẹ̀, tó sì kọjú sí wa, di òkìtì dúdú kan lásán. Yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ nà jáde, ọ̀rọ̀ yanjú. Nǹkan méjì ò sì gbọdọ̀ máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ibi méjì nínú àwòrán: nígbà tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń sọ̀rọ̀, òbúkọ ò gbọdọ̀ máa ju ìrù kiri.

Ohùn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ ṣáájú, àwòrán ló ń tẹ̀ lé e. Ayàwòrán máa ń fetí sí ibi tí ohùn ti ga àti ibi tí èémí ti já, ibẹ̀ ló ń gbé ìdúró tó lágbára sí. Igbe, ìmí ẹ̀dùn àti ariwo jíjábọ́ ni wọ́n ń fi sí ìparí ìgbàsílẹ̀, nítorí òṣèré tó bá fi igbe bẹ̀rẹ̀ á ti há lóhùn kó tó dé ojú ìwé kejì. Ohùn tín-ín-rín ti ọ̀kẹ́rẹ́ ní ọgbọ́n àtijọ́ tirẹ̀: wọ́n á gbà á sílẹ̀ ní ìdajì ìyára, wọ́n á wá jẹ́ kó sáré ní ìyára rẹ̀ gan-an, ohùn á sì gòkè ní octave kan, ìyẹn láti dò ìsàlẹ̀ dé dò òkè. Òṣèré náà ní láti fà á sọ, kó pe ọ̀rọ̀ yékéyéké, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó máa jáde kò ní yàtọ̀ sí ti ẹyẹ.

Wọ́n á to àwòrán storyboard mọ́ ohùn yìí, fíréèmù fún fíréèmù. Animatic ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni ò bá rẹ́rìn-ín síbẹ̀, kíkùn ọ̀dà mèremère ò ní mú wọn rẹ́rìn-ín.

Nọ́ńbà ló wá kàn. Dope sheet ni ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí: ìlà kan fún fíréèmù kan, òpó kan fún ohùn, òpó kan fún ìṣe, òmíràn fún kámẹ́rà. Ìpín kan tó máa ń ṣiṣẹ́ fún òbúkọ wa rèé. Ẹ̀ka kọ́kọ́ tẹ̀ sí i fún fíréèmù 8; ìpalẹ̀mọ́ nìyẹn, òun ló ń gbé ojú ọmọ lọ síbi tí nǹkan ti fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ka ta padà ní fíréèmù 3, òbúkọ sì gùn gbọọrọ nínú ọ̀kan nínú wọn débi pé, bí ẹ bá dá a dúró, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ẹranko mọ́. Ó dé òfuurufú: ẹ̀rín ayọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀ fún 10. Ojú nìkan ló kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀, 4. Orí tẹ̀ lé ojú, 6. Ó yíjú sí wa, ó dúró, 16. Etí rọ̀, 8. Ẹ kó gbogbo ìyẹn jọ láti ìgbà tó ti dé òfuurufú, 44 ni, kò pé ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lẹ́yìn náà ló já: fíréèmù 18, ó ń kéré sí i títí a ò fi rí i mọ́. Ilẹ̀ dá wáí fún 14. Eruku bíńtín kan sọ nísàlẹ̀, ìró rẹ̀ sì bá a rìn.

Fíréèmù 14 tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń sáré parí iṣẹ́ máa ń gé. Bó bá di 6, ìró dé kí ọmọ tó retí rẹ̀. Bó bá di 40, ọmọ ti ń rò pé òbúkọ ti lọ ni. Ìdúró 16 náà ní ewu tirẹ̀: bí àwòrán bá dákẹ́ pátápátá, á dà bíi pé kọ̀ǹpútà ti há. Wọ́n máa ń jẹ́ kí irùngbọ̀n mì díẹ̀, tàbí kí òbúkọ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì ti tó. Bí ojú, orí àti ara bá yí padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹranko á dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí.

Nígbà tó bá kan ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rẹlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa fẹ̀. Bó bá rẹlẹ̀ láìfẹ̀, ojú á rò pé ó sún kì ni, kì í ṣe pé ó tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ ní òfin tirẹ̀. Ìrísí ẹnu bíi mẹ́jọ tó fún gbogbo ìjíròrò: ètè pípadé fún m àti b, àti fún p àti gb ní Yorùbá, ètè ìsàlẹ̀ lábẹ́ eyín fún f, ètè rogodo fún o àti u, ẹnu yíyà fún a, eyín fífẹ̀ fún i, àwọn ìyókù wà láàárín. Ètè tó padé gbọ́dọ̀ pẹ́ tó fíréèmù méjì, torí ojú kì í rí ẹyọ kan. Ẹnu tún máa ń ṣáájú ohùn pẹ̀lú fíréèmù kan tàbí méjì. Bó bá pẹ́ lẹ́yìn ohùn, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé nǹkan kan ò bára mu. Ẹnu òbúkọ gùn, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́, nítorí náà wọ́n kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ gígùn nígbà tó bá kọjú sí wa tààrà: imú á bo ẹnu. Díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń yí i. Ti ẹyẹ tún burú jù, torí àgógó tó le ò lè sọ m. Wọ́n kàn ń tẹ̀ ẹ́ bíi rọ́bà ni, kò sì sẹ́ni tó ń bínú.

Ìrìn ni wọ́n fi ń ṣọ́wó ná. Ìgbésẹ̀ kan jẹ́ fíréèmù 12, méjì jẹ́ 24, wọ́n á sì máa yí 24 yẹn po títí òbúkọ á fi dé ibi tó ń lọ. Igi tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ náà ń yí po. Ọmọ tí ojú rẹ̀ mú á ká a mọ́ wọn lọ́wọ́ pé òkúta kan náà ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ìró ló kẹ́yìn. Orin máa ń bá fíréèmù rìn: bí ìlù bá ń dún ní fíréèmù 12-12, 120 ló máa dún ní ìṣẹ́jú kan, ní 8-8, 180, ó sì dára fún ìlépa. Xylophone, ohun èlò orin onípákó tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù, fún ìrìn jẹ́jẹ́, fèrè tí ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀ fún jíjá. Ṣùgbọ́n fún fíréèmù 44 inú òfuurufú yẹn, orin gbọ́dọ̀ dákẹ́. Àwọn tó ń ta orin sínú ìdákẹ́jẹ́ ló ń ba ẹ̀fẹ̀ jẹ́ jù, ju àwọn ayàwòrán tí ọwọ́ wọn ò tíì gún lọ.

Fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń kó iṣẹ́ náà jáde: ohùn lọ́tọ̀, orin àti ìró lọ́tọ̀, kí wọ́n lè gbohùn èdè mìíràn sí i láìtún ìyókù ṣe. Igbe òbúkọ nígbà tó ń já ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ó jẹ́ ohùn, ó sì tún jẹ́ ìró. Bí kò bá sí nínú fáìlì kankan, òbúkọ á já wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá wà nínú méjèèjì, òbúkọ kan ṣoṣo á figbe ta pẹ̀lú ohùn ọkùnrin méjì.