Weald àti Wold

Weald jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó túmọ̀ sí igbó, pàápàá igbó ńlá orí ilẹ̀ gíga. Báyìí ni àwọn Saxon tó tẹ̀dó sí gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é. Wald ni àwọn Angle apá àríwá ń pè é ní tiwọn, òun ló sì wá di wold. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ọ̀nà wọn ti pín: lóde òní, Weald ṣì jẹ́ ilẹ̀ onígi, wold sì ti di òkè gbalasa tí koríko bò, bí ẹgàn ṣe yàtọ̀ sí ọ̀dàn.

Ọ̀rọ̀ yìí bá Wald àwọn ará Jámánì tan, igbó sì ni tiwọn náà. Völlur àwọn ará Iceland wá láti orísun kan náà, ṣùgbọ́n pápá ló túmọ̀ sí. Òun ló wà nínú orúkọ Þingvellir, pápá tí ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sí ní nǹkan bí ọdún 930. Ó hàn pé kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nínú igbó bọ́ sí gbangba.

Ilẹ̀ tó ń jẹ́ Weald gan-an wà láàárín òkè ẹfun méjì, North Downs àti South Downs, ó sì la Kent, Sussex àti Surrey kọjá. Andredesweald ni àwọn Saxon ń pè é, látinú Anderitum, orúkọ ibùdó ológun tí àwọn ará Róòmù kọ́ sí Pevensey. Ìwé ìtàn Anglo-Saxon Chronicle, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún 892, ní igbó náà gùn tó 120 máìlì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fẹ̀ tó 30 máìlì.

Àwọn àgbẹ̀ Kent máa ń da ẹlẹ́dẹ̀ wọn wọ inú igbó yìí nígbà tí èso igi oak bá ń já bọ́, kí wọ́n lè sanra kí òtútù tó dé. Denn ni ibùjẹ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Ìlú Tenterden, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ denn àwọn ará Thanet, tí ilé wọn jìnnà réré létíkun. Denn náà ló wà nínú orúkọ Biddenden àti Rolvenden. Hurst tó parí orúkọ Goudhurst àti Wadhurst ni gegele onígi.

Irin ló sọ Weald di olókìkí. Òkúta irin wà nínú ilẹ̀ rẹ̀, igi wà fún èédú, odò kéékèèké sì pọ̀. Ní ọdún 1496, iná iléru gíga àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní Newbridge, nínú Ashdown Forest. Wọ́n á sé odò, omi á yí àgbá kẹ̀kẹ́ onígi, kẹ̀kẹ́ náà á sì máa fín ẹwìrì tọ̀sán-tòru. Adágún tí wọ́n sé nígbà náà ṣì wà káàkiri agbègbè náà. Ní Buxted lọ́dún 1543, Ralf Hogge àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rọ ìbọn àgbá onírin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé iléru ló run igbó náà, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yẹn pọ̀ jù fún un. Èédú kò gbọ́dọ̀ tán lọ́wọ́ àwọn oníléru, nítorí náà wọ́n máa ń gé igi lọ́nà tí kùkùté yóò fi tún rú. Títí dòní, Weald wà lára ibi tí igi pọ̀ sí jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iléru tó gbẹ̀yìn, ti Ashburnham, kú ní ọdún 1813.

Ní ti wold, àgbẹ̀ àti àgùntàn ló borí igi. Wọ́n ṣán igbó Yorkshire Wolds, Lincolnshire Wolds àti Cotswolds, orúkọ kò sì bá igi lọ. Òwò irun àgùntàn ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá Cotswolds. Ó lé ènìyàn kúrò nílùú pẹ̀lú: ní nǹkan bí ọdún 1500, abúlé Wharram Percy ní Yorkshire dahoro nítorí pápá àgùntàn. Kò sí èyí tó ga púpọ̀ nínú àwọn òkè wọ̀nyí. Cleeve Hill tó ga jù ní Cotswolds jẹ́ 330 mítà.

Ọ̀rọ̀ náà tún fara pamọ́ sínú orúkọ ìlú mìíràn. Southwold, tó wà létí òkun ní Suffolk, ni igbó gúúsù. Waltham sì ni ibùgbé inú igbó.