Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ Ka Ọmọ Yín

Nígbàkígbà tí a bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta níbí, a kì í ṣàì rí òbí kan tí yóò yọ ọmọ rẹ̀ kúrò láàárín èrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù adìrẹ ní Ìtòkú, tí kò jìnnà sí ẹsẹ̀ àpáta náà, yóò rò ó pé kí lọmọ òun tún ń padà lọ ṣe ní ilé-ìwé nígbà tí òun wà nítòsí, yóò rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kó lọ mú un wá. Àwa yóò dúró nínú oòrùn pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tí kò lè gbéra, olùkọ́ méjì yóò sì tún gun àpáta padà lọ máa pe orúkọ ọmọ tó ti ń jẹ dòdò ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀.

N kò ní fàkókò ṣòfò lórí fìlà, omi mímu àti bàtà, nítorí òbí tó fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rán ọmọ lọ gun òkúta mọ ohun tó ń ṣe. Ètò kíkà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kí a tó kúrò ní ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ti gba nọ́ńbà tí kò ní yí padà títí a ó fi dé, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ojú ẹni tó ṣáájú rẹ̀ àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá ní kí wọ́n kà, ẹni àkọ́kọ́ yóò ké oókan, èkejì yóò ké eéjì, títí yóò fi kárí. Olùkọ́ tó ń fi ìka tọ́ka sórí ọmọ lè mọ̀ pé ọ̀kan dín nínú ogójì, ṣùgbọ́n kò lè mọ èwo ni. Ní tiwa, ibi tí ohùn bá ti dákẹ́ ni a ti mọ ẹni tí kò sí, àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì sọ ibi tí wọ́n ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. A ń kà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, a ń kà nídìí àtẹ̀gùn, a ń kà bí a bá jáde nínú ihò, a sì ń kà lórí àpáta, pàápàá bí àwọn kan bá gba lífìtì tí àwọn yòókù sì fẹsẹ̀ gùn, nítorí ibi tí èrò bá ti pín sí méjì ni olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ti máa ń rò pé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì lọmọ wà. Ìgbà tí ọkàn mi bá balẹ̀ lórí iye wọn ni mo tó lè fi ara àpáta hàn wọ́n, bó ṣe ń bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, nítorí pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn ló ti dì, tí ilẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sì ti ṣí kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn òbí kan a máa bínú sí kíkà yìí. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo gbọ́ òwe náà kí n tó mọ̀wé, n kò sì bá àgbà jiyàn. Àmọ́ nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá wá forí pamọ́ sábẹ́ òkúta yìí lẹ́yìn ogun tó fọ́ ìlú wọn, tí àwọn àti Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, ìyá wo ló wọ inú ihò yẹn tí kò mọ iye ọmọ tó kó wọlé? Ẹlòmíràn yóò fi òróró àdúrà pa ọmọ rẹ̀ lórí, yóò ní kò séwu mọ́. Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n òróró kì í dáhùn bó bá kan nọ́ńbà.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pe ara wọn ní olùṣètò ìrìnàjò ilé-ìwé, tí wọn kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rí, tí ohun èlò wọn kò ju bọ́ọ̀sì, báńà àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ. Ọ̀kan nínú wọn kó ọmọ wá láti Èkó lọ́jọ́ tí àwa náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a kà tán lẹ́nu ihò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ẹnìkan wà nínú ihò tí kò ní nọ́ńbà. Ọmọkùnrin kékeré kan ni, ó jókòó, ó di bàtà rẹ̀ kan tí okùn rẹ̀ já mọ́wọ́. Mo pe fóònù tí wọ́n kọ sára káàdì ọrùn rẹ̀. Wọ́n ti dé Ìfọ̀, olùṣètò náà sì fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ọmọ òun pé. Mo bi í bó ṣe kà wọ́n. Ó ní paàkì ìrẹsì tí òun pín lòun kà, kò sì sí èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹnìkan ti jẹ méjì! Títí wọ́n fi padà wá, a fún ọmọ náà ní nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, ó sì ń bá wa kà.

Nítorí náà, òbí tó bá fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìyọ̀ǹda tí a fi ránṣẹ́ sílé, kí ó buwọ́ lù ú, kí ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síwájú mi, kí n fi bírò fagi lé nọ́ńbà ọmọ náà lójú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kò lè gbà á fún un.