Ta ló ń sanwó ìpolówó tó ń bò wá lójú lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Àwọn tó ń fi fóònù ka ìròyìn, àwọn tó ń wo èsì bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń wá ìtumọ̀ oògùn tí dókítà kọ fún wọn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: kí ló dé tí ìpolówó fi ń bò wá lójú báyìí? Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń dá ara wọn lẹ́bi. Wọ́n á ní fóònù àwọn ti gbó, tàbí pé ojú àwọn ò tíì là sí nǹkan ìgbàlódé. Ẹ̀bi yín kọ́. Àwọn kan ló jókòó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí owó sì ni.

Ìbéèrè: Ìròyìn lásán ni mo fẹ́ kà. Kí ló dé tí ìpolówó fi ní láti bo gbogbo ojú fóònù mi?

Nítorí pé ẹ ò sanwó ìròyìn náà ni. Ẹni tó kọ ọ́ ní láti jẹun, sáìtì fúnra rẹ̀ ní owó tó ń san, ìpolówó ló sì ń bá wọn gbé ẹrù náà. Mi ò rí àléébù kankan nínú ìyẹn. Àwọn àgbà wa ló sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ sì gbọ́dọ̀ pariwo kí àdúgbò tó mọ̀ pé ẹ̀kọ ti dé. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kọ kì í wọ yàrá oníyàrá lọ dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì.

Ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá, ọdún 1994, sáìtì HotWired ní Amẹ́ríkà gbé àwọn àwòrán gbọọrọ kan jáde, ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T wà lára wọn. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sí apá kan ojú ìwé, àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ wọ́n gan-an nítorí pé wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́ tí ojú fi mọ́ ọn. Ní 1998, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Rice, Benway àti Lane, ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ń wá nǹkan lórí sáìtì máa ń fo ohunkóhun tó bá jọ ìpolówó, kódà bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ohun tó ń wá wà. Àtìgbà náà ló ti di ìjà. Ojú wa kọ̀, kò wò ó mọ́. Àwọn olùpolówó náà sì ń wá ọ̀nà tí a ò fi ní lè yẹ̀ ẹ́.

Èyí tó ń fò jáde lójijì ńkọ́? Ethan Zuckerman wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ètò rẹ̀, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Tripod, sáìtì tí àwọn èèyàn ti ń ṣe ojú ìwé tiwọn, ní àwọn ọdún 1990. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ló fárí gá pé ìpolówó òun bọ́ sójú ìwé tó kún fún ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Wọ́n wá ronú pé kí ìpolówó máa dá wà ní fèrèsé tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ó bá ohun tó wà lójú ìwé náà tan. Ní 2014, Zuckerman kọ̀wé síta, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ nígbà yẹn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ìlànà tí àwọn oníṣòwò ìpolówó fi ń ṣírò ni pé, bí ìdajì àwòrán ìpolówó bá ti hàn lójú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, a ti rí i nìyẹn. Bó bá jẹ́ fídíò, ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Kò dìgbà tí ẹ bá kà á. Kò dìgbà tó bá wù yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ fóònù, tí yóò máa bá yín lọ títí ẹ ó fi ka ìròyìn tán.

Ìbéèrè: Mo wo bàtà kan lẹ́ẹ̀kan péré, bàtà náà sì ń tẹ̀ lé mi kiri. Ṣé fóònù mi ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ mi ni?

Kò nílò kó fetí kọ́ ọ. Ní 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Northeastern ní Boston yẹ àpù Android tó lé ní 17,000 wò, wọn ò sì rí ẹ̀rí pé àwọn àpù náà ń ṣí máìkì fóònù ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tí wọ́n bá pàdé ni pé àwọn kan ń ya ohun tó ń lọ lójú fóònù, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ kí onífóònù mọ̀. Ìyẹn gan-an burú tó.

Kúkì, ìyẹn àkọsílẹ̀ kékeré tí sáìtì máa ń fi sínú fóònù yín, ló ń ṣiṣẹ́ bàtà yẹn. Lou Montulli ló ṣe é ní 1994 ní Netscape, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bùráúsà (ohun tí a fi ń ṣí sáìtì), kí sáìtì lè máa rántí ẹni tó wá síbẹ̀ àti ohun tó ti yàn láti rà. Kò sí ibi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan náà tó wà lórí sáìtì bàtà ló wà lórí sáìtì ìròyìn àti ti bọ́ọ̀lù. Ó ti fi kúkì tirẹ̀ sínú fóònù yín níbi tí ẹ ti wo bàtà. Ibikíbi tó bá tún ti bá yín pàdé, ó dá yín mọ̀.

Bí ẹ bá wá tẹ ìròyìn kan, kí ojú ìwé náà tó ṣí tán, wọ́n ti fi yín lu gbàǹjo. Sáìtì á kéde pé ẹnì kan dé: irú fóònù báyìí ló ń lò, ìlú báyìí ló wà, nǹkan báyìí ló máa ń wò. Àwọn olùpolówó á dá iye lé e, ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù ni àwòrán rẹ̀ máa jáde. Kọ̀ǹpútà ló ń bá kọ̀ǹpútà ná an, gbogbo rẹ̀ sì sábà máa ń parí láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó wá síbi gbàǹjo náà ló gbọ́ ohun tí wọ́n kéde nípa yín, títí kan àwọn tí ò ra nǹkan kan.

Bùráúsà Safari àti Firefox ti ń dí irú kúkì bẹ́ẹ̀. Google ṣèlérí ní 2020 pé òun máa mú un kúrò nínú Chrome, bùráúsà tirẹ̀, ó ń sún un síwájú, ó sì yí ohùn padà ní 2024.

Ìbéèrè: Dátà ta ni ìpolówó yìí ń jẹ?

Dátà yín ni. Ìròyìn ẹlẹ́gbẹ̀rún ọ̀rọ̀, bí a bá yọ àwòrán kúrò, kò ju nǹkan bíi kílóbáìtì mẹ́wàá lọ. Fídíò ìpolówó kan ṣoṣo lè jẹ mẹ́gábáìtì mélòó kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ohun tí ẹ ò bẹ̀ wọ́n lè wúwo ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá. Àwọn kóòdù tó ń ṣọ́ yín náà ń jẹ tiwọn, bátìrì náà ń lọ, fóònù tí agbára rẹ̀ ò tó nǹkan á sì gbóná, á máa wọ́ bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà láti fi owó tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ẹni tó wà ní London tó ń san iye kan náà lóṣooṣù fún íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀ bí ìpolówó mẹ́wàá bá wọlé. Ọmọ ilé-ìwé tó ra dátà ọlọ́jọ́ kan ní Ìbàdàn kó lè ka iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Owó ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbé ìpolówó tẹ́tẹ́ wá sójú ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà bí wọ́n bá ní ọ̀fẹ́ ni sáìtì náà.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ tẹ àkọlé ìròyìn, ojú ìwé sún, mo sì tẹ ìpolówó. Ọwọ́ mi ni àbí fóònù?

Kì í ṣe ọwọ́ yín. Gbàǹjo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló pẹ́ kó tó parí. Ìpolówó dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti jókòó, kò sí ẹni tó fi àyè sílẹ̀ dè é, ó wá ti gbogbo nǹkan lọ sísàlẹ̀. Láti 2020 ni Google ti ní ìwọ̀n tó fi ń díwọ̀n bí ojú ìwé ṣe ń sún tó, sáìtì tó bá sì ń sún jù lè rẹ̀yìn nínú èsì ìwákiri. Àìbìkítà ló ń fa èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ti àmì X tí wọ́n yà sínú àwòrán kì í ṣe àìbìkítà. Ẹ tẹ X kí ẹ lè pa á dé, ó gbé yín lọ síbi tí wọ́n ń gbé yín lọ láti ilẹ̀. Bọ́tìnnì “Download” mẹ́ta tó tò sórí sáìtì orin, tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́, ìyẹn náà jìbìtì ni, mi ò sì mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ ọ́ sójú fóònù màmá mi pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú rẹ̀, kó tètè tẹ ibì kan. Ṣé kó tẹ̀ ẹ́?

Rárá o. Ojú ìwé tí ẹ ṣí nínú bùráúsà kò ní agbára láti yẹ inú fóònù wò kó mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rí i, irọ́ ló ń pa, àpù burúkú tàbí owó ló sì ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí fún àwọn òbí yín lónìí, kí ẹ fi sùúrù sọ ọ́, torí ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń mú àwọn àgbàlagbà. Kí màmá pa ojú ìwé náà dé pátá, kó má tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀.

Bí ìkìlọ̀ náà bá ń wá ṣáá kódà nígbà tí màmá ò ṣí sáìtì kankan, a jẹ́ pé wọ́n ti tẹ “Allow” níbì kan. Sáìtì kan á ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí fídíò lè bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ fi hàn pé ẹ kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Àṣẹ láti máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín tọ̀sán-tòru ni ẹ fún un yẹn. Ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì tó-tò-tó mẹ́ta (⋮) tó wà lókè, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Site settings, lẹ́yìn náà Notifications. Ẹ ó rí orúkọ gbogbo sáìtì tí ẹ fún ní àṣẹ. Ẹ yọ gbogbo èyí tí ẹ ò mọ̀.

Ẹ má sì rò pé sáìtì jàǹdùkú nìkan ló léwu. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìpolówó tí wọ́n fi kóòdù burúkú sínú rẹ̀ gba ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìpolówó wọ orí àwọn sáìtì ńlá, New York Times àti BBC wà lára wọn. Kọ̀ǹpútà tó bá rí i pé àlàfo wà nínú ètò ààbò rẹ̀, ó ń ti fáìlì onítọ̀hún pa kó lè gba owó ìtúsílẹ̀. Àwọn oníròyìn náà ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, torí pé àwọn kọ́ ló ń yan ìpolówó tó ń jáde.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn tó ni sáìtì ò mọ̀ pé wọ́n ń lé èèyàn ni?

Ọ̀pọ̀ mọ̀. Owó tí wọ́n ń rí lórí ẹgbẹ̀rún òǹkàwé tó wà ní Nàìjíríà kéré gan-an sí ti òǹkàwé Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń fi iye ìpolówó dí i. Òǹkàwé á sá, owó á tún dín kù, wọ́n á tún fi kún ìpolówó. Mo káàánú wọn, pàápàá àwọn kéékèèké tó ń kọ ìròyìn ìbílẹ̀ tí ẹlòmíì ò kọ.

Láti ọjọ́ 15 oṣù kejì, ọdún 2018, Chrome ti ń dí ìpolówó lórí sáìtì tó bá kọ etí ikún sí ìlànà ẹgbẹ́ Coalition for Better Ads: èyí tó ń fò jáde, fídíò tó ń fi ariwo bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìpolówó tó gbà ju ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lórí fóònù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Google tó ni Chrome ń pa ju bílíọ̀nù dọ́là 200 lọ́dún lórí ìpolówó láti 2021, mi ò sì gbà pé òun nìkan ló yẹ kó ṣe adájọ́ ẹjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Òfin ńkọ́?

Ó wà. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí wọ́n má ṣe fi ìsọfúnni yín polówó ọjà fún yín. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù dọ́là 220 lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń lo dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára ẹ̀sùn náà.

Ìbéèrè: Bí mo bá dí ìpolówó, ṣé olè kọ́ nìyẹn?

Lójú tèmi, kì í ṣe olè. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ gba aráàlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ohun tó ń dí ìpolówó sí bùráúsà wọn, nítorí pé àwọn oníjìbìtì ń ra ìpolówó nínú èsì ìwákiri, wọ́n sì ń fi ara wọn pe ilé-iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n bí sáìtì kan bá ń fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì polówó, tí iṣẹ́ wọn sì ń ṣe yín láǹfààní, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá sì gba owó ìtìlẹ́yìn tí ẹ sì ní i, ẹ fi ránṣẹ́.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bí Android bá ni, ẹ gba Firefox sílẹ̀, kí ẹ fi uBlock Origin tó ń dí ìpolówó sínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Bí dátà bá ṣọ̀wọ́n, bùráúsà Opera Mini ní ohun tó ń dí ìpolówó nínú, ó sì ń fún ojú ìwé pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Lórí Android 9 sókè, ẹ lè wá Private DNS nínú Settings kí ẹ kọ dns.adguard-dns.com síbẹ̀, yóò dín ìpolówó kù nínú ọ̀pọ̀ àpù náà. Bó bá jẹ́ iPhone, ẹ wọ Settings, Privacy & Security, Tracking, kí ẹ pa “Allow Apps to Request to Track”. Èyí tó kù ni ti Notifications tí mo ṣàlàyé lókè. Ẹ bá màmá ṣe ìyẹn ṣáájú.